Bíríkìlà wa ni "Kùtọnù", àbúrò mi ni "àwọn tó sá lọ", òyìnbó ni "expatriate": ta ló ń pín orúkọ wọ̀nyí?

Ọmọ Ìtalẹ̀ (Àìkú, 8:47 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí n gbé e síbí kí n tó gbàgbé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

À ń tún ilé ìyá mi ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bíríkìlà méjì ló ń rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n. Ó ti lé lóṣù kan tí wọ́n ti ń bọ̀, "Kùtọnù" sì ni gbogbo ilé ń pe àwọn méjèèjì. "Ẹ bu omi fún Kùtọnù." "Ṣé Kùtọnù ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan yà kí ìyá mi. Wọ́n béèrè àbúrò mi obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lo ọdún mẹ́ta ní Manchester. Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ yìí kàn ń sá lọ ni. Immigrant ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Kí ni wọ́n ń wá níbi tí wọn ò ti kà wọ́n sí?" Ìyá mi ò fèsì, wọ́n kàn ń fi etí ìró nu ọwọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn tí bàbá kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọmọkùnrin tiwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí Dubai. Wọ́n ní ipò expatriate ni wọ́n gbà á sí, pẹ̀lú ilé, pẹ̀lú owó ilé ìwé ọmọ. Ojú bàbá ń dán bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Mo wá rántí ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe iná mànàmáná rí, lójú ọ̀nà Ṣágámù. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi. Wáyà tí mo ń fà lòun náà ń fà. Expatriate lorúkọ tirẹ̀ nínú ìwé, "ọ̀gá òyìnbó" lẹ́nu gbogbo wa, títí kan àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Gbogbo wọn ló filé sílẹ̀ torí iṣẹ́. Àbúrò mi, ọmọ bàbá yẹn, òyìnbó yẹn, àwọn tó ń rẹ́ ògiri wa. Kí ló dé tí orúkọ wọn ò fi jọra? Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun.

Gbànja Ṣágámù (Àìkú, 9:20 alẹ́)

Ọmọ Ìtalẹ̀, o ṣeun. Obì ni mò ń tà. Ìyá mi tà á, ìyá tó bí ìyá mi tà á. Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ̀ pé gbànja wa ló ń lọ sí Kánò àti òkè Ọya, àwọn Haúsá tó ń wá rà á ló sì sọ Sábó di àdúgbò láàárín wa.

Mo ní oníbàárà kan níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá ìyá mi ṣòwò. Ṣágámù ni wọ́n bí i sí, Ṣágámù ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Tó bá ń sọ Rẹ́mọ lẹ́yìn ògiri, ẹ ó rò pé ọmọ Ìjọkùn ni. Òun ló kọ́ mi láti máa fọwọ́ wá obì tí kòkòrò ti wọ̀ láì là á: ó ní kí n gbé e sétí àtàǹpàkò, kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, èyí tó bá rọ̀ lábẹ́ ìka kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó má bàa kó bá èyí tó kù nínú agbọ̀n. Mo ń jẹun lára ẹ̀kọ́ yẹn dòní.

Àlejò ni wọ́n ṣì ń pè é. Nígbà mìíràn, Gàm̀bàrí. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé tiwọn ti pẹ́, àwa ni a ò jẹ́ kó di ọṣẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí oṣù keje 1999, nígbà tí ìjà bẹ́ láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ Orò. Ẹ̀mí ṣòfò níhìn-ín, ẹ̀mí tún ṣòfò ní Kánò. Mi ò fẹ́ tú ọgbẹ́ yẹn wò. Ohun tí mo rí lójú mi ni pé orúkọ tí a ń fi ẹ̀rín pe aládùúgbò wa ní ọjà lánàá ni wọ́n fi ń wá a kiri lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré létí mi.

Tíṣà Ìpẹru (Àìkú, 10:05 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ ó gbà mí láàyè kí n lọ sẹ́yìn díẹ̀.

Àwọn bàbá wa a máa wí pé, "Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀, bí àjèjì bá fàárọ̀ wọ̀, alẹ́ ni wọn ń fi í ṣẹbọ." Wọ́n ti ọ̀nà mọ́ àlejò torí òwò: ẹrù òkè kò gbọdọ̀ dé etí òkun láì gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá. Ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì fi kó ìbọn wá ní oṣù karùn-ún 1892, tí wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n. Àjèjì tó fi ìbọn wọlé nígbà náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní àjèjì mọ́. Gómìnà ló di, ajẹ́lẹ̀ ló di. Ibẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀kọ́ yìí ti wọ̀ wá lára, pé agbára tó wà lẹ́yìn ẹni ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ wá wo tiwa tó lọ. Ọdún 1944 ni Awólọ́wọ̀ kúrò níhìn-ín lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nítòsí wa. Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Ó padà dé ní 1946. Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà gan-an, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí oyè kàn wọ́n ní 1960. Mo wà ní kékeré, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pàdé ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé: ìlù, aṣọ ẹbí, àkàrà lóríṣiríṣi. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó sá lọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, orúkọ iyì ni. Àtúnbọ̀tán rẹ̀ ni pé ẹ dé ọjà lónìí kẹ́ ẹ ní tòkunbọ̀ lẹ ń wá, mọ́tò àlòkù tàbí fíríìjì àlòkù ni wọn yóò nawọ́ sí. Èmi ní ọmọ-ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá òun náà ti di àlòkù ni. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sàlàyé orúkọ rẹ̀ fún un títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀ńjíníà Mobálufọ̀n (Àìkú, 10:41 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, torí ó dà bíi pé gbogbo wa ń lọ sápá kan.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn kò túmọ̀ sí ohun kan náà. Ilé iṣẹ́ ló ń rán expatriate níṣẹ́. Ó ní àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tó bá pé, ó ń relé. Immigrant ń lọ tẹ̀dó ni, ó ń wá ìwé ọmọ ìlú. Kódà òfin tiwa gan-an ló ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àjèjì síṣẹ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba expatriate quota lọ́wọ́ ìjọba, káàdì tí àjèjì náà sì ń gbà ni CERPAC. Ní oṣù kejì 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ilé iṣẹ́ máa san dọ́là 15,000 lọ́dún lórí àjèjì tó bá jẹ́ olùdarí, 10,000 lórí àwọn tó kù, kó tó di pé wọ́n dá a dúró lóṣù kẹta. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò san irú owó yẹn lórí bíríkìlà? Ìmọ̀ tí ẹnì kan gbé wá ló fún un lórúkọ, kì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀. Mo ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì, mo sì kọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ìtalẹ̀ (Àìkú, 11:02 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ńjíníà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n tiyín wọn àwọn tó wà nílé wa. Àwọn bíríkìlà yìí ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ìmọ̀ ni wọ́n gbé wá. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló mọ̀ pé tí o bá fẹ́ kí ògiri ẹ gún, wá ọmọ Kùtọnù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń relé, wọ́n ń dúró oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó ń wá ìwé ọmọ Nàìjíríà nínú wọn. Bí ìmọ̀ àti pípadà sílé bá ló ń sọ ènìyàn di expatriate, kí ló yọ wọ́n sílẹ̀?

Ọmọ Odògbólú ní Kent (Ajé, 12:15 òru)

Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìgbà tí ìyá tí mò ń tọ́jú ti sùn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ńjíníà, ẹ ní expatriate ń padà sílé. Ìyá òyìnbó tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yìí ní àbúrò ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Spéènì. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé gíláàsì lọ́wọ́, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ló ra ilé sí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kò gbọ́ èdè wọn. "Expat ni àbúrò mi," báyìí ló ń sọ ọ́. Ìyá yìí dára sí mi o, mi ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ó ń pa bísíkíìtì mọ́ dè mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, á mi orí, á ní àwọn immigrant yìí ti pọ̀ jù, á wá yíjú sí mi, á ní, "Kì í ṣe ìwọ o, olólùfẹ́ mi." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá bá a tún ìrọ̀rí ṣe.

Oṣù karùn-ún 2024 ni mo dé. Òfin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ṣe ni pé láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání. Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Odògbólú, ó ń lọ sí prámárì kẹta. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ olùtọ́jú pa pátápátá mọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Èmi tó jẹ́ pé àdéhùn ọdún mélòó kan ni mo gbà, tí wọn ò jẹ́ kí n kó ilé mi wá, tí mo sì ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, èmi ni wọ́n ní mo wá tẹ̀dó. Ẹni tó ra ilé sétí òkun, tó fẹ̀yìn tì síbẹ̀, expat lòun. Ẹ bá mi fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n.

Aago ìyá ti ń dún, wọ́n fẹ́ tọ̀. Mo ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú-Igbó (Ajé, 6:30 àárọ̀)

Ọmọ Odògbólú, Ọlọ́run á pa ọmọ mọ́ fún ẹ, á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ara yín láìpẹ́.

Ẹ̀yin ń sọ ti dúdú àti funfun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé. Ọkọ mi lọ sí Gúúsù Áfíríkà nígbà tí àwọn ìbejì mi kò tíì pé ọdún méjì. Ọdún mẹ́rin ló lò. Ọdún méjì nínú rẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, torí ọ̀nà kò là. Kò sẹ́ni tó bú u. "Ọkùnrin ni, ó ń wá oúnjẹ ilé," ohun tí wọ́n fi ń tù mí nínú nìyẹn, èmi náà sì gbà á torí òótọ́ ni.

Ọdún tó padà dé, iṣẹ́ yọ fún èmi ní Oman, iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn. A jọ jókòó sọ ọ́, ọkọ mi fọwọ́ sí i, òun ló gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kí n tó dé ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti gba ọjà kan: "Ó já ọmọ jù sílẹ̀." "Irú iṣẹ́ wo lobìnrin ń lọ ṣe nílẹ̀ Lárúbáwá?" Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ ní ilé ìwé. Taiwo kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Kẹ́hìndé ló pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ń pè ní aṣẹ́wó?" Nínú yàrá tí àwa mẹ́fà jọ ń sùn ni mo ti gba ìpè náà. Mo bọ́ síta, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa tí a fi ń fọ ilẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún un mọ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò. Oṣù kan kò rékọjá tí mi ò fowó ránṣẹ́. Owó yẹn la fi pààrọ̀ páànù ilé ìyá ọkọ mi, owó yẹn la fi san WAEC àbúrò rẹ̀. Bí mo ṣe dé, ẹnu tó ní mo já ọmọ jù sílẹ̀ ló ní kí n bá ọmọbìnrin tiẹ̀ wá ọ̀nà ibẹ̀. Mo bá a wá a. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Alátà (Ajé, 9:12 àárọ̀)

Orúkọ tí mo fi ń wọlé síbí, ẹnì kan béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí, n kò dáhùn. Alátà ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Gánà. Ìyá bàbá mi ta aṣọ ní Kúmásì fún ọdún méjìlélógún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá mi.

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá bàbá mi ò ní ìwé, ta ló ń béèrè ìwé láti ọjọ́ yìí wá? Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n kò ṣeé gbà mọ́. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n gbé abọ́ tánganran mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan dé Ìjẹ̀bú. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nílé wa. Nígbà tí wọ́n délé, orúkọ tí ará ilé fún wọn ni "ará Gánà". Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, "ará Gánà" ni wọ́n ṣì ń jẹ́ ní òpópónà wa. Alátà lọ́hùn-ún, ará Gánà nílé.

Ní oṣù kìíní 1983, àwa náà dáhùn padà. Ìjọba Shagari fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì alápòótí pupa-òun-búlúù tí wọ́n di ẹrù sí, a fi ọ̀rọ̀ wọn sọ ọ́ lórúkọ, Ghana-must-go, a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọjà lónìí. Bàbá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó kan ni wọ́n nígbà ti 1969, wọ́n rántí bí ìyá wọn ṣe ń di ẹrù lóru. Tẹ́ ẹ bá pe báàgì yẹn bẹ́ẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á ní, "Báàgì ni. Ẹ pè é ní báàgì."

Ẹ̀ńjíníà Mobálufọ̀n (Ajé, 1:48 ọ̀sán)

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ti Kent yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo gbà pé òṣùwọ̀n tí mo gbé kalẹ̀ kò gbé ọkùnrin tó wà ní Spéènì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan: ọmọ Kùtọnù ò kọ́ èdè wa, kò bá wa dá ẹgbẹ́, àárín ara wọn ni wọ́n wà. Ẹni tó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ ni yóò jẹ́.

Ọmọ Sákétẹ́ (Ajé, 7:55 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá. Mo ti ń kà yín láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò kọ̀wé rí. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Èmi ni ẹ̀ ń pè ní Kùtọnù. Taìsì ni mò ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, mo ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kùtọnù rí láyé mi. Sákétẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá ni èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Oríkì bàbá mi, ẹ ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa àti Kétu, àwa àti yín, ilé kan ni kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó jókòó fa ìlà sáàárín wa lóṣù kẹjọ 1889. Bàbá ńlá mi sùn ní Yorùbá, ó jí ní Faransé. Ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti Ẹ̀ńjíníà.

Ẹ ní a kì í kọ́ èdè yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí mo ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ohùn mi kò jọ tiyín. Ohùn Ìjẹ̀bú náà kò jọ ti Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wá gbàwé. Mo kọ́ láti máa dákẹ́ níbi iṣẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá dákẹ́, wọ́n á ní kò gbọ́ èdè.

Ẹ ní a ò bá yín dá ẹgbẹ́. Mo ti gbìyànjú láti wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìgbà mẹ́ta. Owó ìwọlé tí wọ́n dá lé mi jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọmọ onílùú. Mo san án nígbà kẹta. Ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, akọ̀wé ka orúkọ gbogbo wa láti inú ìwé. Ó ka Rájí, ó ka Ọláwálé, ó ka Mùsílíù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wò mí lójú, ó ní "Kùtọnù". Orúkọ mi wà níwájú rẹ̀ nínú ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ọ̀nà méjìdínlógún ni wọ́n lè gbà pe Múfútáù, kò sí èyí tó jọ Kùtọnù.

Àdéhùn ECOWAS láti 1979 ní kí ọmọ ìlú kan máa wọ ìlú kejì láìgba físà, kó lo ọjọ́ 90. Mo mọ̀ ọ́n sórí, torí mo máa ń kà á fún àwọn tó ń dá wa dúró lójú ọ̀nà. Àwọn kan á gbọ́, àwọn kan á ní kí n lọ kà á fún ẹni tó kọ ọ́, ẹgbẹ̀rún kan náírà lónìí, ẹgbẹ̀rún méjì lọ́la. Mo ti rí i tí wọ́n fọwọ́ juwọ́ sí òyìnbó nínú jíìpù pé kó máa lọ, tí wọn ò béèrè ohunkóhun, nígbà tí àwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí bú ẹnikẹ́ni. Ìjẹ̀bú ti ṣe mí lóore. Ìyàwó mi ọmọ Ọ̀rù ni, àwọn ọmọ mi mẹ́ta ń jẹ ìkókoré ju ohunkóhun lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé ẹ béèrè orúkọ.

Gbànja Ṣágámù (Ajé, 8:10 alẹ́)

Múfútáù, ẹ kú ilé. Ẹ kú ọdún mọ́kàndínlógún.

Ẹ̀ńjíníà Mobálufọ̀n (Ajé, 8:34 alẹ́)

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní àyè, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ilẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ tẹ́ taìsì sí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, iye tí mò ń san fún ọmọ onílùú ni màá san fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn náà, mo mọ ẹni tí mo lè bá sọ ọ́. Ìlọ́po mẹ́rin kò dára.

Ọmọ Ìtalẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a bá a dé.

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, kí àwọn bíríkìlà tó pò sìmẹ́ńtì, mo jáde lọ bá wọn. Ojú ń tì mí, ó ju oṣù kan lọ tí wọ́n ti ń wọlé wa. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn, bíi pé mo fẹ́ fi ẹjọ́ wọn sùn. Àgbà nínú wọn ní òun ń jẹ́ Kòjó. Ìkejì ní Zinsou. Ìyá mi wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ ìyẹn. Zinsou ní ìbejì ni òun, orúkọ tí wọ́n ń sọ ìbejì lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn.

Ìyá mi gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀. "Ìbejì? Èkejì ẹ ńkọ́?" Ó ní ó wà ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, télọ̀ ni. Ìyá mi ní, "Lójú mi láti ìjọ́ yìí, ìbejì ń bẹ nílé mi, mò ń pè é ní Kùtọnù!" Ẹ mọ̀ pé ìbejì ni ìyá mi náà bí kí wọ́n tó bí mi, ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú wọn.

Mo pe ọ̀rẹ́ bàbá mi yẹn náà. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa àbúrò mi dun ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ ọmọ tiwọn yàtọ̀. Mo bi wọ́n pé ní ọ̀nà wo. Wọ́n ní àwọn á pè mí padà, wọn ò tíì pè.

Ọjọ́rú, ìyá mi se ẹ̀wà, wọ́n fi epo dáadáa sí i. Wọ́n bu abọ́ méjì, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra wọn, wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ti Zinsou, èkejì jẹ́ ti ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́. Ó fọ ọwọ́ sìmẹ́ńtì nù, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó jẹ abọ́ méjèèjì tán.